Léèdì Oníkọ̀ǹpútà: Bí A Ṣe Ń Pàṣẹ fún Un àti Bí A Ṣe Ń Wá Àṣìṣe Rẹ̀, ní Èdè Yorùbá

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ léèdì tí kọ̀ǹpútà ń darí, àti bí a ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀ nígbà tí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ṣe kò bá bá ìwọ̀n mu. Ìdí méjì ni a fi gbé e wá síwájú olùkọ́ àti olùdánwò Yorùbá dípò kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ irin. Èkíní ni pé a máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá, nínú èyí tí yóò ti ṣàlàyé iṣẹ́ kan tí ó mọ̀. Bí ọmọ oníṣẹ́ léèdì láti Òmù-Àrán bá yan iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ta ni nínú wa tí ó lè sọ bóyá òótọ́ ni ó kọ? Èkejì ni pé àṣẹ tí a ń kọ fún ẹ̀rọ yìí ní gírámà tirẹ̀, àwọn àṣìṣe tí ó sì léwu jù lọ nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí olùkọ́ èdè ń bá pàdé lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí léèdì jẹ́. (Bí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ni a ṣe kọ ọ́, kí òǹkàwé má ṣì í mú fún léèsì tí a ń rán fún òde.) Ẹni tí ó bá ti bó ọsàn rí mọ ìlànà rẹ̀. Ọwọ́ òsì ń yí ọsàn, ọwọ́ ọ̀tún di ọbẹ mú, èèpo sì ń jáde ní okùn gígùn. Nínú léèdì, irin ni ó ń yí, ọbẹ kì í yí. Ọbẹ náà ń rìn ní ọ̀nà méjì péré: ọ̀nà kan bá gígùn irin lọ, ọ̀nà kejì dábùú rẹ̀ láti ìta wọ inú. Níbi tí iṣẹ́ yìí ti yàtọ̀ sí ti alágbẹ̀dẹ ni pé alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì fẹ́ná, ó ń fi ẹmú mú irin gbígbóná, ó sì ń fi owú lù ú. Bí ó bá lù ú jù, ó lè dá a padà sínú iná kí ó tún un lù. Oníléèdì kò ní iná tí ó lè dá a padà sí. Àwọn tí wọ́n gbẹ́ ère òkúta Èṣìẹ́, èyí tí iye rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rin nínú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, ni ìbátan rẹ̀ gan-an nínú iṣẹ́ ọnà, nítorí èyí tí wọ́n bá ti gé kúrò lára òkúta, ó ti lọ nìyẹn.

Ní Òmù-Àrán, ní Èṣìẹ́ àti ní àwọn ìlú Ìgbómìnà tí ó yí wọn ká, bí ti ibi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ fún gàrí ni ó máa ń gbé àwọn ènìyàn dé ọ̀dọ̀ oníléèdì. Ọ̀pá irin kan wà láàrin ẹ̀rọ náà tí a ń pè ní ṣáàfù, bíárìn ni ó sì gbé e ró ní orí méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a mú bíárìn tí wọ́n kọ 6205 sí lára. Ihò inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 15. Bí a bá fẹ́ kí ó jókòó dáadáa sórí ṣáàfù, ìwọ̀n kan tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń lò ni kí ìdábùú ṣáàfù níbẹ̀ wà láàrin 25.002 àti 25.015. Àlàfo tí ó wà láàrin ìwọ̀n méjèèjì kò tó ìdajì fífẹ̀ irun orí ènìyàn kan. Bí ó bá tóbi jù, bíárìn kò ní wọlé, tàbí kí ó fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi òòlù gbá a wọlé. Bí ó bá kéré jù, bíárìn yóò máa yọ̀ lórí ṣáàfù, yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tí ẹ̀gẹ́ bíbó yóò sì wà nílẹ̀ tí kò rí ẹni rin ín. Wẹ́dà ni yóò wá lẹ irin mọ́ ọn, a ó sì tún gbé e padà sórí léèdì. Ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan.

Léèdì ọlọ́wọ́, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àgbá ìdarí rẹ̀, ni ó wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú wa. Ti kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun àná mọ́ o. Ní 1952 ni wọ́n fi ẹ̀rọ ìgérin àkọ́kọ́ tí ń gbọ́ àṣẹ òǹkà han àwọn ènìyàn ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí John Parsons ti gbé èrò náà wá. Ihò tí a lu sára ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kọ àṣẹ nígbà náà. Ní 1982, àjọ ISO tẹ ìlànà àgbáyé jáde fún bí a ó ṣe máa kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo ní àwọn ọdún 1980, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ HMT ti ilẹ̀ Íńdíà, kí a lè máa ṣe léèdì àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn fúnra wa. Yunifásítì Landmark sì ti wà ní Òmù-Àrán láti 2011, wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó sí kíláàsì Yorùbá lónìí lè di ẹni tí yóò dúró níwájú irú ẹ̀rọ yìí lọ́la.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo àṣẹ gan-an. Ká ní a ti fá orí ṣáàfù kan títí ìdábùú rẹ̀ fi ku 25.5, ó wá ku fífá ìkẹyìn. Ohun tí a ó kọ nìyí:

(1) T0101
(2) G50 S2000
(3) G96 S150 M03
(4) G00 X25.01 Z2.0
(5) G01 Z-15.0 F0.1
(6) X32.0
(7) G00 X100.0 Z100.0
(8) M30

Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ gbólóhùn kan. Lẹ́tà ni ó ń ṣáájú, òǹkà a sì tẹ̀lé e. Lẹ́tà pẹ̀lú òǹkà rẹ̀ ni a lè kà sí wúnrẹ̀n kan. Gbólóhùn àṣẹ ni gbogbo wọn, kò sì sí olùwà nínú wọn, bí kò ti sí nínú ‘Lọ!’ tàbí ‘Gbé e wá!’ ti èdè wa.

Gbólóhùn (1) ní kí ẹ̀rọ mú ọbẹ kìíní, kí ó sì lo iye àtúnṣe kìíní fún un. A ó padà sórí iye àtúnṣe yìí. Kí a tó sọ ohun tí (2) ń sọ, ó yẹ kí a sọ ti (3). Òun ni ó ní kí irin bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kí ara irin sì máa kọjá níwájú ọbẹ ní mítà 150 láàrin ìṣẹ́jú kan. Bí ìdábùú bá jẹ́ 25, èyí yóò jẹ́ ìyípo bí 1,910 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọbẹ bá ń sún mọ́ àárín irin, tí òbírí tí ó ń fá ń kéré sí i, ẹ̀rọ yóò máa yára sí i kí mítà 150 náà lè pé. Bí ọbẹ bá dé àárín gbùngbùn ńkọ́? Ìyára náà kò ní ní òpin. Ìdí nìyí tí (2) fi ṣáájú, tí ó ní kí ó má ṣe kọjá ìyípo 2,000 láé. Ẹni tí ó bá gbàgbé gbólóhùn kejì lè rí i kí irin já kúrò lẹ́nu ohun tí ó dì í mú.

Ní (4), ọbẹ sáré lọ sí iwájú irin láìfá ohunkóhun. X ni ìdábùú. Z ni gígùn. Ojú òdo Z wà ní orí irin níwájú, nítorí náà Z2.0 wà lóde, mílímítà méjì sí irin, Z-15.0 sì wà nínú, níhà ibi tí a ti di irin mú. Ní (5), ọbẹ ń fá irin lọ, ó ń rìn ní ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà fún ìyípo kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ púpọ̀. (6) mú un jáde sí ẹ̀gbẹ́, (7) mú un sáré padà sẹ́yìn, (8) sì parí ọ̀rọ̀. Kí a fi kún un pé ṣáàfù kúkúrú ni a ń bá wí níhìn-ín. Bí ó bá gùn tí a sì ti fi ohun èlò mìíràn gbé ìdí rẹ̀ ró ní apá ọ̀tún, (7) yóò gbé ọbẹ lọ kọlu ohun èlò náà, a sì ní láti kọ ọ́ lọ́nà mìíràn.

Olùkọ́ gírámà yóò ti ṣàkíyèsí (6). Kò sí G kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò bínú sí èyí, nítorí G01 tí ó wà nínú (5) ṣì ń ṣiṣẹ́ títí G mìíràn tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi gba ipò rẹ̀. A ní irú rẹ̀ nínú Yorùbá. Nínú ‘Adé ra ẹran sè jẹ’, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a dárúkọ ẹran, síbẹ̀ òun náà ni Adé sè, òun náà ni ó jẹ. Ibi tí ewu wà ni pé ohun tí ó ń bá iṣẹ́ lọ yìí lè jẹ́ èyí tí a kò fẹ́. Bí òǹkọ̀wé bá gbàgbé G01 nínú (5), G00 ti (4) ni yóò ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọbẹ yóò sì sáré wọnú irin pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní ké, nítorí kò sí ohun tí ó ṣe gbólóhùn náà ní ti gírámà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kò tọ́. Ní ìdàkejì, bí ó bá fi lẹ́tà O sí ipò òdo, ẹ̀rọ yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò sì tan iná ìkìlọ̀. Àṣìṣe tí ẹ̀rọ rí kò náni ní nǹkan kan ju ìtìjú lọ. Èyí tí kò rí ni ó ń ba ọbẹ àti ṣáàfù jẹ́.

Àmì kékeré tí ó wà láàrin 25 àti 01 náà tún nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, pàápàá àwọn tí ọjọ́ wọ́n ti pẹ́ díẹ̀, bí ènìyàn bá kọ X25 láìfi àmì yìí sí i, ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà ni ẹ̀rọ yóò kà á sí, ìyẹn ni 0.025, yóò sì gbé ọbẹ lọ sí àárín gbùngbùn irin. Gbogbo wa ni a mọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ ‘igba’ láìfi àmì sí i, tí ó gbà pé olùkọ́ yóò mọ̀ bóyá igbá tàbí ìgbà ni òun ní lọ́kàn. Olùkọ́ a máa fi ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi irin sí i nígbà àkọ́kọ́: wọ́n á ní kí ẹ̀rọ ka àṣẹ náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ó dúró lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan, ọbẹ yóò sì máa rìn nínú afẹ́fẹ́ lásán nígbà tí òṣìṣẹ́ ń wò ó.

A dé orí àṣìṣe tí ó ń hàn lára iṣẹ́ tí a ti ṣe. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí olùdánwò fi ara balẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà yàtọ̀ sí ẹni tí ó gbọ́ ọ lásán. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni láti yí àṣẹ padà. Bí ìdábùú bá tóbi jù, á kọ òǹkà tí ó kéré sí ipò X. Ó máa ń jẹ́ àṣìṣe. Bí àṣẹ kan náà bá ti ṣe ogún ṣáàfù tí ó dára lánàá, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ́ ni ó yí padà lóru.

Ẹnu ọbẹ ń jẹ díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì ti jẹ, irin yóò máa tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. Iye àtúnṣe ni a fi ń bójú tó èyí. Òǹkà kékeré kan ni, tí a fi pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àṣẹ, tí ẹ̀rọ ń rò mọ́ gbogbo X tí ọbẹ náà bá lọ. Ọlọ́gbọ́n òṣìṣẹ́ a máa kọ́kọ́ fi 0.20 kún un, kí ṣáàfù àkọ́kọ́ lè tóbi díẹ̀ ju bí a ti fẹ́. Yóò fá a, yóò wọ̀n ọ́n. Ká ní ó bá 25.20. Ohun tí ó fẹ́ ni 25.01, nítorí náà yóò yọ 0.19 kúrò, yóò sì tún un fá. Ẹni tí ó ti ọ̀dọ̀ léèdì ọlọ́wọ́ wá lè ṣì í ṣe níbí, nítorí lára àwọn kan nínú wọn, iye tí ọbẹ wọlé ni a fi ń ka àmì, ọbẹ a sì bó irin yí ká, tí ìdábùú á fi dín ní ìlọ́po méjì iye náà. Yóò bá pín 0.19 sí méjì, yóò yọ 0.095, yóò sì bá 25.105. Èyí kò burú jù, ó ṣì lè tún un fá. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ni yóò bá 24.82, kò sì sí àtúnṣe fún ìyẹn mọ́.

Bí ìwọ̀n bá tọ́ ní àárọ̀ tí ó sì ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn ti ń mú, a kò gbọdọ̀ dá ọbẹ lẹ́bi kí a tó ro ti ooru. Irin ń gùn sí i bí ó bá gbóná: ní ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan, mítà irin kan a fi bí ìdá méjìlá nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà gùn sí i. Ṣáàfù tí ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 25, tí ó jáde kúrò lórí léèdì pẹ̀lú ìwọ̀n ooru ọgbọ̀n ju bí ó ti yẹ lọ, ti fi 0.009 tóbi. Ẹni tí ó wọ̀n ọ́n ní gbígbóná tí ó bá 25.009 yóò rò pé ó dára. Nígbà tí ó bá tutù, 25.000 ni yóò kù, bíárìn yóò sì máa yọ̀ lórí rẹ̀. Kò sí àṣìṣe nínú àṣẹ, kò sí lára ẹ̀rọ. Àsìkò tí a wọ̀n ọ́n ni kò tọ́.

Bí orí ṣáàfù tí ó wà lóde bá tóbi ju ìdí rẹ̀ lọ, a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá irin gùn jáde jù láìsí ohun tí ó gbé orí rẹ̀ ró, nítorí nígbà náà yóò máa yẹ̀ fún ọbẹ bí ẹ̀ka igi. Bí a bá ti gbé e ró ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó gbé e ró kò sí ní ọ̀kánkán àárín. Bí irin bá ń ké tí ojú rẹ̀ sì ní ilà wínníwínní, gbígbọ̀n ni: ọbẹ yọ jáde jù láti ilé rẹ̀, tàbí ìyára kò bá a mu. Bí ìwọ̀n bá ń ṣe ségesège, tí ó tóbi lónìí tí ó kéré lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a wo bóyá ọbẹ ti tú, tàbí bóyá èérún irin kékeré kan há sí abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò ṣe é fò. Nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ni bátìrì kékeré kan wà tí ń bá a rántí ojú òdo nígbà tí iná bá lọ. Bí bátìrì náà bá kú nígbà tí kò sí iná, ẹ̀rọ kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́, a ó sì ní láti tún fi ojú òdo hàn án kí a tó lè fá ohunkóhun. Nítorí náà, ìgbà tí iná bá wà lára ẹ̀rọ ni kí a pààrọ̀ bátìrì. Níbi tí iná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀, ìmọ̀ yìí nìkan lè gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ìlànà kan sì wà tí ó kan gbogbo ohun tí a ti sọ: ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a wọ̀n ọ́n, kí a tó yí òmíràn. Ẹni tí ó yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ dára, kò mọ èyí tí ó tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi sọ gbogbo èyí. Láti ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé èdè wa kò lè gbé irú ẹrù yìí mọ́. Ìwé èdè ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó wà fún. Kò wọ ilé iṣẹ́ irin. Níbẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ni ó ti sọ tiwọn. Èrò tiwa ni pé kí a fi ìbéèrè kan wọn ọ̀rọ̀ wò: ǹjẹ́ ó ya ohun tí ó yàtọ̀ sọ́tọ̀? Ohun tí ń di irin mú lórí léèdì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pè é ní ẹmú ẹ̀rọ, a yìn ín, nítorí ẹmú ni alágbẹ̀dẹ fi ń mú irin; bí ó bá pè é ní ṣọ́ọ̀kì, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ó bá pe èérún tí ọbẹ bó sílẹ̀ ní ìdàrọ́, ó jẹ̀bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdàrọ́ jẹ́ ojúlówó Yorùbá tí ó dùn létí. Inú iná ni ìdàrọ́ ti ń jáde, ìdọ̀tí irin ni. Èérún léèdì jẹ́ irin gidi. Bákan náà ni ‘ìbú’ tí àwọn kan fi ń pe ìdábùú: òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá láti etí dé etí ni tàbí láti àárín dé etí, a sì ti rí ohun tí àìmọ̀ yìí lè ṣe fún ṣáàfù.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ méjì yìí wéra:

(9) Ẹ̀rọ ayírin náà kọṣẹ́, mo sì fi ọgbọ́n orí tún un ṣe títí ó fi dára gan-an.
(10) Ìdábùú ṣáàfù náà jẹ́ 25.20. Mo jẹ́ kí ó tutù, mo tún un wọ̀n. Mo yọ 0.19 kúrò nínú iye àtúnṣe ọbẹ kìíní, mo tún un fá, ó di 25.01.

Kò sí ọ̀rọ̀ àyálò kankan nínú (9), bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣàlàyé. (10) ní ‘ṣáàfù’, ẹlòmíràn sì lè tẹ̀lé e kí ó ṣe iṣẹ́ náà. Nínú àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá, (10) ni kí a fún ní máàkì tí ó pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá kọ ṣáàfù ní ìlà kìíní, tí ó tún wá kọ ṣáfùtù ní ìlà kẹwàá, kí a yọ máàkì nítorí àkọtọ́ tí kò ṣe déédé. Kí a má ṣe yọ ọ́ nítorí pé ó lo ọ̀rọ̀ náà.